Ìfipábánilòpọ̀ Kì í Ṣe Ẹjọ́ Ẹ̀bẹ̀

Bó ṣe máa ń lọ nìyí, ní Agbaja, ní Obajana, ní Kabba ní ìpínlẹ̀ Kogi, ní ìlú yòówù tí wọ́n ti ń sọ èdè wa. Ìyá rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ ọmọ rẹ̀. Ó bi í léèrè, ọmọ ò kọ́kọ́ fẹ́ dáhùn, nígbà tó yá ó dárúkọ ẹnì kan, ẹni náà kì í sì í ṣe àjèjì. Ìyá sọ fún baba, baba sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà, ẹ̀gbọ́n àgbà ránṣẹ́ sí ẹbí ọmọkùnrin náà. Alẹ́ ni wọ́n máa ń wá. Wọ́n á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á ní iṣẹ́ èṣù ni, wọ́n á ní ẹ dákun, ẹ bá wa bo àṣírí. Ẹnì kan nínú àwọn àgbà á rán wọn létí pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Wọ́n á gbé owó kalẹ̀, owó oògùn ni wọ́n máa ń pè é. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọkùnrin náà ti wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Abuja, wọ́n ti rán ọmọbìnrin náà lọ sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní ìlú míì, kálukú sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

A dárúkọ Agbaja ṣáájú, kì í ṣe nítorí pé ó burú ju ìlú yòókù lọ. Ibẹ̀ ni ìtẹ́ Olú Òwórò wà, lórí òkè olórí pẹrẹsẹ tó kọjú sí Lokoja, ohun tí ààfin Agbaja bá sì ní kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ mọ́, ọ̀pọ̀ abúlé Òwórò ni yóò gbọ́. Ohun tí a fẹ́ kí ààfin náà sọ kò pọ̀: pé wọn kò ní jókòó parí ẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀ mọ́, yálà ọmọdé ni wọ́n ṣe é fún tàbí àgbà, yálà ọmọ tálákà ló ṣe é tàbí ọmọ olóyè. Kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tí wọ́n ṣe níbi rí ọ̀nà dé ilé ìwòsàn àti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, kí wọ́n sì yé dúró sí ojú ọ̀nà náà.

A ò kẹ́gàn ìlàjà. Òun ló jẹ́ kí àwọn ìlú wa ṣì dúró títí di òní. Bí ààlà oko bá di ìjà, bí ẹnì kan bá jẹ gbèsè tí kò san, bí màlúù bá wọ oko ẹ̀gẹ́, àgbà tó pè wọ́n jókòó lábẹ́ igi ṣe ìlú lóore ju adájọ́ tó ń sún ẹjọ́ síwájú fún ọdún mẹ́rin. Ẹni méjì tí wọ́n jọ ní ohùn ló wà níwájú rẹ̀, kálukú yóò fi díẹ̀ sílẹ̀ fún èkejì. Ṣùgbọ́n kí ni ọmọ ọdún mẹ́sàn-án fẹ́ fi sílẹ̀? Kí ló ní tí yóò mú wá sí ìdúnàádúrà? Bí ẹ bá wò ó dáadáa, kò tilẹ̀ sí níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n parí ọ̀rọ̀ náà. Yàrá ló wà, ó ń gbọ́ ohùn àwọn àgbà ní pálọ̀. Ẹbí méjì ló bá ara wọn làjà, ẹni tí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀ sí ò sí nínú rẹ̀. Ohun tó sì kọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà ni pé ó ní iye owó tí wọ́n lè san kí ohun tí wọ́n ṣe fún òun di ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Ọmọkùnrin náà kọ́ ẹ̀kọ́ kan náà, òun ló sì léwu jù fún ìlú, nítorí pé yóò dé Abuja, yóò bá àwọn ọmọ ẹlòmíràn níbẹ̀.

Òfin kò fara mọ́ irú ìparí bẹ́ẹ̀ rárá. Òfin tó ka ìwà ipá sí ènìyàn léèwọ̀, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní VAPP, Ààrẹ Goodluck Jonathan ló buwọ́ lù ú ní oṣù karùn-ún ọdún 2015, ọjọ́ díẹ̀ kó tó gbé ìjọba sílẹ̀. Abuja nìkan ni ọwọ́ òfin yẹn tó. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní láti ṣe tirẹ̀. Kogi ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2022, lásìkò Gómìnà Yahaya Bello. Nínú ti ìjọba àpapọ̀, ìfipábánilòpọ̀ lè gbé ènìyàn dé ẹ̀wọ̀n gbére. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n kó ara wọn jọ ṣe é ni, ogún ọdún ni ìjìyà tó kéré jù, kò sì sí àyè pé kí wọ́n san owó ìtanràn dípò. Òfin náà kò yọ ọkùnrin sílẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n lè fipá bá lò, bẹ́ẹ̀ ni kò ní kó jẹ́ nǹkan ọkùnrin nìkan ni wọ́n fi ṣe é kó tó di ẹ̀ṣẹ̀. Ibi tó kan owó oògùn gan-an nìyí: òfin náà sọ pé ilé ẹjọ́ yóò tún ní kí wọ́n san owó gbà-má-bínú fún ẹni tí wọ́n ṣe níbi. Ẹ̀wọ̀n àti owó ni, kì í ṣe owó dípò ẹ̀wọ̀n. Ẹbí tó gba owó lóru láti bo ọ̀daràn mọ́lẹ̀ ti fi ẹ̀tọ́ ọmọ náà sọ̀fà, àwọn gan-an náà sì ti ṣẹ̀ sí òfin, nítorí pé gbígba rìbá láti fi ọ̀daràn pamọ́ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀ nínú ìwé òfin tí a jogún láti àtijọ́ ní apá Àríwá.

Àwọn ẹbí yìí kì í ṣe òǹrorò. Ẹ jẹ́ ká fi ara wa sípò baba tó ń gbé lórí òkè Agbaja, tí kò ní ju oko rẹ̀ lọ. Yóò wá owó ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ sí Lokoja, tòun tọmọ tòun tìyá ọmọ. Ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n lè ní kó mú owó bébà wá, kó mú owó epo wá kí wọ́n tó lè lọ mú ẹni tó ṣe é. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n á ní kó gba káàdì. Níbòmíràn wọ́n á ní kó kọ́kọ́ lọ gba ìwé wá lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ọmọ á sọ ìtàn kan náà fún ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí èrò ń kọjá. Bí ẹjọ́ bá dé kóòtù, wọ́n á sún un, wọ́n á tún un sún. Ní gbogbo àkókò yẹn, àwọn ará ilé ń wí lábẹ́lẹ̀ pé ta ni yóò fẹ́ ọmọ yìí lọ́la, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń bú ìyá ọmọ pé òun ló tú ìdílé síta. Lójú irú baba bẹ́ẹ̀, owó tí wọ́n gbé kalẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kìíní ni ìdájọ́ kan ṣoṣo tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó. Ìjọba tó bá fẹ́ kó kọ owó náà gbọ́dọ̀ fi ohun mìíràn sí ọwọ́ rẹ̀.

Wákàtí sì ni ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe ọ̀sẹ̀. Oògùn kan wà tó ń dènà kòkòrò HIV fún ẹni tí wọ́n fipá bá lò, ọjọ́ 28 ni wọ́n fi ń lò ó, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé. Bó bá ṣe tètè bẹ̀rẹ̀ sí ló ṣe dára sí. Èyí tó ń dènà oyún lè ṣiṣẹ́ dé ọjọ́ márùn-ún, òun náà kò fẹ́ ìdúró. Kí ọmọ má tíì wẹ̀, kí wọ́n má fọ aṣọ tó wọ̀. Kí wọ́n fi bébà wé e, kì í ṣe láílọ́ọ̀nù, nítorí pé láílọ́ọ̀nù ń mú un bu, ẹ̀rí á sì bàjẹ́. Ìyá tó kọ́kọ́ gbé omi gbígbóná kaná torí àánú ọmọ rẹ̀ kò mọ̀ pé ẹ̀rí lòun ń fọ̀ dànù. Bí àwọn àgbà bá ṣe ìpàdé ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó fẹnu kò, wákàtí 72 ti lọ. Ní tiwa o, ìdí yìí nìkan tó kí ọba fòfin de ìpàdé náà.

Ọ̀rọ̀ kan wà ní Benue, ìpínlẹ̀ tó múlé ti Kogi ní ìlà oòrùn, tí ó yẹ kí gbogbo òbí tó ń rán ọmọ síta mọ̀. Wọ́n mú ọmọbìnrin kékeré kan kúrò ní abúlé lọ sí ilé ìbátan ìyá rẹ̀, kó lè rí ilé ìwé tó dára lọ. Nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún 2018, ọmọ náà kú lẹ́ni ọdún 13, lẹ́yìn àìsàn tó jẹ́ kí ìtọ̀ máa dà lára rẹ̀ láìdúró. Ó ti sọ kó tó kú pé baálé ilé náà àti ọmọkùnrin rẹ̀ ti ń bá òun lò pọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ ní Makurdi dá baba náà sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ nílùú kan náà sọ ìyàwó rẹ̀ sẹ́wọ̀n oṣù márùn-ún pé ó kọ̀ láti dáàbò bo ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọkùnrin náà ti sá lọ. A ò ní ká dá ẹjọ́ tí adájọ́ ti dá. Ohun tí a rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé ọmọ náà ní ilé, ó ní ẹbí, ó ní ilé ìwé, ó ní aládùúgbò, kò sì sí ẹni tó bi í ní ìbéèrè lásìkò tí ìbéèrè ṣì lè gbà á là.

Àwọn ọmọ Òwórò náà ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí Lokoja, lọ sí Felele, lọ gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá tàbí àbúrò ìyá, nítorí ilé ìwé tàbí iṣẹ́ ọwọ́. Àṣà tó dára ni, òun ló sọ ọ̀pọ̀ wa di ènìyàn. Ṣùgbọ́n òbí tó bá rán ọmọ lọ gbọ́dọ̀ máa lọ wò ó láìfi lọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀, kó mọ ibi tí ọmọ ń sùn, kó mọ ẹni tó ń jí i lóru, kó sì rí àyè bá a sọ̀rọ̀ níbi tí àwọn alágbàtọ́ ò ní gbọ́. Bí ọmọ bá ní òun ò fẹ́ padà síbẹ̀ lẹ́yìn ìsinmi, ẹ má sáré pè é ní ọ̀lẹ.

Ní ọdún 2014, àjọ tó ń ka iye ènìyàn ní Nàìjíríà, pẹ̀lú UNICEF àti àjọ CDC ti Amẹ́ríkà, bi àwọn ọ̀dọ́ tó jẹ́ ọmọ ọdún 13 sí 24 léèrè nípa ohun tí ojú wọn rí ní kékeré. Ọmọbìnrin kan nínú mẹ́rin, ọmọkùnrin kan nínú mẹ́wàá, ni wọ́n ti fi ìṣekúṣe hàn léèmọ̀ kó tó pé ọmọ ọdún 18. Nínú gbogbo àwọn ọmọ tí wọ́n fi ìyà jẹ, ti ìṣekúṣe àti ti lílù pọ̀, àwọn tó rí ìrànlọ́wọ́ tó yẹ gbà kò tó márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ ka kíláàsì ọmọ ogójì tó bá súnmọ́ yín, kí ẹ ṣe ìṣirò náà fúnra yín. Ti àwọn ọmọkùnrin yẹn kì í tilẹ̀ dé etí àwọn àgbà. Ọmọkùnrin tí tíṣà lẹ́sìnnì tàbí ẹ̀gbọ́n àdúgbò bá ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún mọ̀ pé ẹ̀rín ni wọ́n máa fi òun rín.

Ó kan ọ̀rọ̀ ìfẹ́sọ́nà wàyí, nítorí pé ẹni tó bá dúró kí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀ ti pẹ́. Láyé àwọn baba wa, ìdílé kì í ṣàdédé gbé ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n á fojú sóde, wọ́n á wá alárinà, wọ́n á ṣe ìwádìí, lẹ́yìn náà ni ìjọ́hẹn, ọjọ́ tí ọmọbìnrin fúnra rẹ̀ yóò fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́ hẹn. Títí di ọjọ́ yẹn, ọmọkùnrin kò ní ẹ̀tọ́ kankan lórí rẹ̀, ì báà ti sin àna ní oko fún ọdún méjì. A mọ̀ pé ayé ìgbà yẹn kò mọ́ tónítóní. Wọ́n ń ti inú oyún fẹ́ ọmọ sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́ bàbá, wọ́n ń fa ọmọbìnrin tó ń sunkún lé ọkọ lọ́wọ́. Ìbálé ọmọbìnrin ni gbogbo ẹbí ń wá lórí aṣọ funfun; kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí ọkọ ti ń sùn tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, nínú àṣà náà, ó hàn pé hẹn obìnrin jẹ́ ohun tí wọ́n ń dúró gbà. Ẹni tó bá ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé àwọn òyìnbó ló kó ọ̀rọ̀ kí a gba àṣẹ lẹ́nu obìnrin wọ̀lú kò bi ìyá rẹ̀ àgbà léèrè.

Ohun tó kù lọ́wọ́ àwọn ọmọkùnrin wa báyìí ni "ó kàn ń ṣe yàngà ni". Ọmọbìnrin ní rárá, wọ́n ní yàngà ni. Ó gba ìpè, ó gba káàdì owó fóònù, ó jẹ ṣùyà, wọ́n ní ó ti gbà nìyẹn. Ó wọlé wá kí ẹni, wọ́n ní kí ló wá ṣe ní yàrá ọkùnrin. Níbo ni wọ́n ti kọ́ èyí? Nínú fíìmù tí a jọ ń wò, tí wọ́n ti ń fipá fa obìnrin mọ́ra tí orin dídùn sì ń lọ lábẹ́ rẹ̀. Nínú fóònù tí ọmọ ọdún mọ́kànlá ń gbé wọnú bùláńkẹ́ẹ̀tì. Lẹ́nu àwa bàbá tó ń fi ìlépa obìnrin ṣe àwàdà níbi ayẹyẹ. Baba tí kò bá jókòó ti ọmọkùnrin rẹ̀ kó tó pé ọdún mẹ́tàlá, kó sọ fún un láìfi òwe bò ó pé bí obìnrin bá ní rárá, rárá ni, bó bá ti mutí yó tàbí ó ń sùn, kò lè fọwọ́ sí ohunkóhun, bí ó bá sì gbà lánàá kò túmọ̀ sí pé ó gbà lónìí, baba náà ti fi ọmọ sílẹ̀ fún àwọn olùkọ́ mìíràn. Kí ó sọ fún un pẹ̀lú pé fífi tipátipá gba fóònù ọ̀rẹ́bìnrin láti yẹ̀ ẹ́ wò, yíyan ẹni tó gbọ́dọ̀ bá rìn fún un, àti ìgbátí kan tí wọ́n fi "nítorí mo nífẹ̀ẹ́ rẹ ni" bẹ̀bẹ̀ fún, kì í ṣe ìfẹ́. Ìjẹgàba ni, ẹni tó bá sì gbà á nígbà ìfẹ́sọ́nà yóò bá a nílé ọkọ.

Nílé ọkọ gan-an, òfin àtijọ́ ti apá Àríwá tí Kogi wà lábẹ́ rẹ̀ sọ pé bí ọkùnrin bá bá ìyàwó rẹ̀ lò, kò lè jẹ́ ìfipábánilòpọ̀ níwọ̀n ìgbà tí obìnrin náà bá ti bàlágà. Wọn ò kọ irú àfikún bẹ́ẹ̀ sí ibi tí VAPP ti sọ ohun tí ìfipábánilòpọ̀ jẹ́. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òǹkàwé wa, àti obìnrin àti ọkùnrin, kò ní gbà pẹ̀lú wa níbí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kóòtù sílẹ̀ ná, kí ẹ dá wa lóhùn lórí èyí: ọkùnrin tó ń gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé ara òun ò yá, tó sì tẹ̀ síwájú, irú ìgbádùn wo ló ń wá?

Ilẹ̀ Agbaja ní irin púpọ̀ nínú, ó sì ti pẹ́ tí àwọn tó ń wá ohun àlùmọ́ọ́nì ti ń gun òkè náà, títí kan ilé iṣẹ́ Kogi Iron láti Australia. Obajana tó wà nítòsí ti mọ ohun tí iléeṣẹ́ ńlá ń mú wá: owó, tírélà, àwọn ọkùnrin tó jìnnà sí ilé, àti àwọn ọmọbìnrin tó ń kiri omi àti ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu lórí òkè, kí ọ̀rọ̀ ààbò àwọn ọmọ wà nínú ìwé àdéhùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ọ̀nà àti omi. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ àjèjì bojú. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Àwọn ọmọ tó sọ̀rọ̀ nínú ìwádìí 2014 yẹn, ẹni tí wọ́n mọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn dárúkọ.

Àwọn kan á ní, ẹni tí wọ́n bá purọ́ mọ́ ńkọ́? Irọ́ wà, a kò sẹ́. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyí tó fi yẹ kí dókítà yẹ ara wò, kí ọlọ́pàá wádìí, kí adájọ́ gbọ́ tẹnu méjèèjì. Ìpàdé òru kò ní ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tí wọ́n bá purọ́ mọ́ níbẹ̀ máa san owó náà ni, kò sì ní rí ibì kan tí yóò ti wẹ orúkọ rẹ̀ mọ́.

Àwọn ibòmíràn ti bẹ̀rẹ̀ ohun tí a ń wí yìí. Láti ọdún 2013 ni Mirabel Centre ti wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn LASUTH ní Ikeja, níbi tí ẹni tí wọ́n fipá bá lò ti ń rí dókítà àti olùtọ́sọ́nà lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́ òrùlé kan. Ekiti, tó bá Kogi pààlà, ti ní òfin lórí ìwà ipá yìí láti ọdún 2011, ó sì ní ilé ìtọ́jú Moremi ní Ado-Ekiti. Àjọ NAPTIP, tó ń gbógun ti kíkó ènìyàn ṣòwò, ṣí ìwé orúkọ àwọn tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìṣekúṣe ní ọdún 2019, kí iléèwé tó fẹ́ gba tíṣà lè yẹ̀ ẹ́ wò kó tó gbà á. Ẹni tí wọ́n bá parí ẹjọ́ rẹ̀ lábẹ́lẹ̀, orúkọ rẹ̀ kò ní dé inú ìwé yẹn láéláé.

Nítorí náà, a ń bẹ Gómìnà Ahmed Ododo kó jẹ́ kí òfin tí Kogi ṣe ní 2022 dé orí òkè Agbaja: kí ìtọ́jú àwọn tí wọ́n fipá bá lò jẹ́ ọ̀fẹ́ ní Lokoja, kí ilé ìwòsàn kankan má béèrè ìwé ọlọ́pàá kí wọ́n tó fún ọmọ ní oògùn, kí nọ́ọ̀sì ilé ìlera tó wà nítòsí àwọn abúlé mọ ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ ṣe. Àwọn pásítọ̀ àti àwọn áfáà wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá ẹnikẹ́ni lọ bẹ ìyá ọmọ kó dárí jini kí ọlọ́pàá tó dé. Ìdáríjì jẹ́ ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, nígbà tó bá wù ú.

Kábíyèsí Olú Òwórò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ìjòyè jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí agogo ìlú sì kéde rẹ̀ ní gbogbo abúlé tó wà lábẹ́ yín: ẹni tó bá fipá bá ènìyàn lò, ààfin ò ní gba ẹ̀bẹ̀ fún un, ẹbí tó bá sì gbé e pa mọ́ yóò bá a jẹ́jọ́. Kí ẹ sì yan obìnrin kan tó ṣeé fọkàn tán ní abúlé kọ̀ọ̀kan, tí ọmọ tàbí ìyá ọmọ lè sáré tọ̀ lọ láàjìn, tí yóò bá wọn wá ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ sí Lokoja lóru ọjọ́ náà.